Àká Kan fún Ẹ̀rọ Mẹ́ta

Ilé ìwòsàn kékeré tí ó bá kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, ìṣirò oògùn àti owó oṣù òṣìṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ti fi ẹ̀mí ènìyàn sábẹ́ ẹ̀rọ kan. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà bá dákú, nọ́ọ̀sì tí ń wá orúkọ oògùn tí aláìsàn kò gbọdọ̀ fẹnu kàn kò ní mọ èyí tí yóò ṣe. Nítorí náà ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ń ra server mẹ́ta, kí ọ̀kan lè rọ́pò èkejì. Ṣùgbọ́n rírà kò tí ì yanjú ọ̀rọ̀.

Server kan lè gbé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà aláìlára. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. IBM ti kéde VM/370 ní ọdún 1972. Kọ̀ǹpútà aláìlára kò ní irin, kò ní wáyà. Fáìlì ni gbogbo ohun-ìní rẹ̀. Bí fáìlì náà bá wà nínú dísìkì server kìn-ín-ní, tí server yẹn sì kú, ẹrù ti bá ẹlẹ́rù lọ nìyẹn. Àká àjùmọ̀lò ni wọ́n nílò, ibi ìpamọ́ tí gbogbo server lè nawọ́ sí.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni kí wọ́n ra ẹ̀rọ ìpamọ́ kan, kí àwọn server sì máa bèèrè fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀ nípa NFS, èyí tí Sun Microsystems gbé jáde ní ọdún 1984. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni olùṣọ́ àká. iSCSI yàtọ̀ sí èyí: dísìkì gan-an ni ó ń nà sí server, bí ẹni pé inú rẹ̀ ni ó wà. Ibẹ̀ ni ọ̀fìn wà. Bí server méjì bá ṣí dísìkì kan náà pẹ̀lú ètò ìtòfáìlì lásán bí ext4, oníkálukú yóò rò pé òun nìkan ni ó ni ín. Àyè tí èyí kà sí òfìfo, èkejì ti lè kọ nǹkan sí i. Aago ìkìlọ̀ kankan lè má dún. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kí àkọsílẹ̀ aláìsàn tó di wúruwùru. Ètò tí wọ́n ṣe fún àjùmọ̀lò, bí VMFS tàbí GFS2, tí ó mọ bí a ti ń fi títì síbi tí ẹlòmíràn ń kọ̀wé sí, ni ó yẹ níbẹ̀.

Àbùkù mìíràn wà. Ẹni tí ó gbé server mẹ́ta lé ẹ̀rọ ìpamọ́ kan ṣoṣo ti san owó mẹ́ta lórí ewu kan.

Ceph, tí Sage Weil dá sílẹ̀ ní Yunifásítì California ní Santa Cruz, gba ọ̀nà mìíràn. Server kọ̀ọ̀kan mú dísìkì tirẹ̀ wá, ètò náà sì ń pa ẹ̀dà mẹ́ta ohun gbogbo mọ́ sórí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ló dé tí kò fi jẹ́ méjì? Bí wáyà àárín ẹ̀rọ méjì bá já, oníkálukú yóò sọ pé èkejì ti kú, yóò sì gba ìṣàkóso. Ọba méjì kì í gbé ààfin kan. Nínú mẹ́ta, méjì ni ó pọ̀ jù. Ẹyọ kan tí ó dá wà yóò dáwọ́ ìkọ̀wé dúró.

Ó ní iye tí ó ń náni. Terabyte mẹ́ta yóò di ọ̀kan ní ìlò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gígábíìtì kan kò lè gbé ju megabyte 125 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìkọ̀wé kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ dúró de àwọn ẹ̀dà rẹ̀; gígábíìtì mẹ́wàá ni ó bójú mu.

Ẹ̀dà mẹ́ta kì í ṣe ìfipamọ́ o! Ẹni tí ó pa fáìlì rẹ́ ti pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́. Ìfipamọ́ gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ mìíràn, níta àwọn mẹ́ta wọ̀nyí. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí aláàkóso fa wáyà iná server kan yọ lójú gbogbo òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì wò ó bóyá àkọsílẹ̀ aláìsàn yóò tún ṣí.