Ìsinmi ní Ilẹ̀ Wa

Bí ìsinmi bá dé, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń wò. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ wa.

Ẹni tí ó ń wá ìdákẹ́jẹ́, kí ó lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo aráyé ní 2005. Àwa Kristẹni kì í bọ odò, ṣùgbọ́n ogún baba wa ni igbó náà. Ní oṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, èrò a máa pọ̀ níbẹ̀.

Ẹni tí ó fẹ́ ìrìn agbára, kí ó gba Iléṣà lọ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà, kí ó gun àpáta Olúmirin, tí omi rẹ̀ ń já ní ipele méje. Ìgbà òjò ni omi náà ń kún, ṣùgbọ́n nígbà náà ni àpáta ń yọ̀. Kí a mú bàtà tí ó di ilẹ̀ mú.

Ọ̀ràn kan kù. Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí a má mu omi Ọ̀ṣun. Wíwa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà lára ohun tí ó bà á jẹ́. Òkè odò ni Ìjẹ̀ṣà, ìsàlẹ̀ ni Òṣogbo. Ẹ̀yin olóyè, ẹni tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i ni ẹnu rẹ̀ gba ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a lọ wò ó.