Èkó Tí À Ń Ná, Tí A Ò Tíì Rí

Ọ̀rọ̀ tí àwa tí a rin ìrìn-àjò Èkó bá ìpàdé ẹgbẹ́ sọ

   

Wọ́n ní ká wá jíṣẹ́ ìrìn tí àwa méjìlá rìn lọ sí Èkó. A ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé, "Kí ni wọ́n ń wá kiri? Ṣé wọn ò dé Èkó rí ni?" Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn. Owó ẹgbẹ́ kọ́ la fi lọ. Kálukú tú àpò ara rẹ̀ ni. Owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan san fún ọmọbìnrin tó mú wa kiri kò tó owó àǹkárá kan. Akápò wa jókòó síbí, ẹ bi í.

Ní ti pé ṣé a ò dé Èkó rí, a ti dé ibẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi wú. Ẹlòmíràn nínú wa ti ń ná Èkó láti ọgbọ̀n ọdún. Mọ́tò ìdájí la máa ń wọ̀ ní Abẹ́òkúta níbí. A ó sọ̀ ní Ìdúmọ̀tà, a ó sáré wọ Balógun, a ó rajà, a ó pe alábàárù, ó parí nìyẹn. Ilẹ̀ là ń wò nítorí kòtò, àpò là ń dì mú nítorí olè. A kì í gbójú sókè. Lọ́jọ́ yìí tí a gbójú sókè la tó rí i pé ìlú tó wà láàrin omi la ti ń ná láti ọjọ́ yìí wá. Kí wọ́n tó ṣí afárá Carter ní 1901, ọkọ̀ ojú omi lèèyàn fi ń sọdá wọ erékùṣù náà, àti èèyàn àti ẹrù.

Ọjọ́ Àìkú la lọ. Ìyẹn dára, torí pé ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ló wà ní títì, ojú ọ̀nà sì là. Wákàtí mẹ́ta péré la fi rìn, ẹsẹ̀ la sì fi rìn ín. Ọmọbìnrin tó mú wa kiri kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n ó mọ ìtàn bí ẹni tó bá wọn dá ìlú sílẹ̀. Kí ó tó sọ̀rọ̀, ó kúnlẹ̀ kí wa. Láti ìgbà yẹn la ti ń pè é ní ọmọ wa.

Ìgá Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, la ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wa ní àwọn àgbà Èkó sọ pé oko ata Arómirẹ ni ilẹ̀ yẹn kó tó di ààfin. Ìyá aláta tó wà láàrin wa ṣàdédé na ọrùn: "Ẹ ò rí i? Ata ló ṣáájú ọba!" A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kò pẹ́. Ọmọ wa sọ fún wa pé ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ogun òyìnbó sì wà lórí ọ̀sà nígbà náà. Ìwé kan ṣoṣo ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwé yìí sọ́kàn, a ń padà bọ̀ wá sídìí rẹ̀.

Láti ibẹ̀ a gba Ìdúmọ̀tà kọjá lọ sí apá Eréko. Ọmọ wa dúró, ó ní, "Ẹ̀yin màmá, ṣé ẹ mọ Alimotu Pẹlẹwura?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ojú tì wá. Ẹja ni ìyá yẹn ń tà ní ọjà Eréko. Kò kàwé, ṣùgbọ́n òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kejìlá ọdún 1940, ìjọba òyìnbó fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tó bá ń pa ju 50 pọ́n-ùn lọ lọ́dún. Pẹlẹwura kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n wọ́ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n láwọn ò san. Nígbà tó yá, ìjọba sún iye yẹn sókè, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba obìnrin díẹ̀ ló kàn mọ́. Nígbà ogun Hitler, ìjọba tún fi iye lé oúnjẹ, wọ́n ní iye báyìí ni kẹ́ ẹ ta gàrí. Àwọn ìyá yẹn tún kọ̀, wọ́n ń bá a fà á títí ìjọba fi jáwọ́ ní 1945. Pẹlẹwura kú ní 1951.

Àwa Ẹ̀gbá mọ ti ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àtàwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta tí wọ́n dìde sí ọ̀rọ̀ owó orí ní 1947, tí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949. Àwọn ìwé ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ja tó ṣe irú rẹ̀ ní Èkó ṣáájú, a ń kọjá ní ẹnu ọjà rẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, a ò mọ orúkọ rẹ̀.

A dé òpópónà Martins, láàrin Balógun gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra léèsì níbẹ̀ mọ mọ́ṣáláṣí kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti fẹ̀yìn ti ògiri rẹ̀ ka owó. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ni. Ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Oníṣòwò bíi tiwa ni Mohammed Shitta, ilẹ̀ Sàró ni wọ́n bí i sí. Owó ọjà ló fi kọ́ mọ́ṣáláṣí náà, Sultan ilẹ̀ Tọ́kì sì fi oyè Bey dá a lọ́lá. Ọ̀gá bíríkìlà tó kọ́ ọ, João Baptista da Costa, ará Àgùdà ni, ọ̀kan lára àwọn tó ti Bràsíl padà wálé. Ẹ wo bí ọjà ṣe ń so èèyàn pọ̀.

Wàyí o, a dé Ìta Tinúbú. Ibí yìí lọ́rọ̀ ti yí padà.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tiwa ni Ẹfúnróyè Tinúbú. Òun ni Ìyálóde gbogbo Ẹ̀gbá, wọ́n fi í jẹ ẹ́ ní 1864 lẹ́yìn ipa tó kó nígbà ogun Dàhómì. Nígbà tí a rí orúkọ rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn. Ọ̀kan nínú wa ti ń ki oríkì Ẹ̀gbá. Ọmọ wa jẹ́ ká parí. Ó wá sọ fún wa bó ṣe rí: pé iyọ̀ àti tábà ni ìyá yẹn tà, ó ta epo, ó sì ta èèyàn. Pé agbára rẹ̀ pọ̀ ní Èkó débi pé aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fọkàn balẹ̀ títí wọ́n fi lé e kúrò nílùú ní 1856, tó fi padà sílé ní Abẹ́òkúta. Gbogbo wa dákẹ́. Ìyá kan nínú wa sọ pé, "Ṣé èyí náà yẹ kó sọ fún wa?" Òmíràn ní, "Kí ló dé tí kò ní sọ ọ́? Ṣé irọ́ ni?"

Kò tíì pẹ́ tí a kúrò níbẹ̀ tí a fi dé òpópónà Kakawa. Ilé àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Water House. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan, João Ẹ̀san da Rocha, ló kọ́ ọ. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un lẹ́rú, tí wọ́n kó o lọ sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíl. Ó dàgbà níbẹ̀, ó di òmìnira, ó padà wá sí Èkó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó kọ́ ilé, ó gbẹ́ kànga sí i, ó sì ń ta omi rẹ̀ fáwọn ará àdúgbò. Ọmọ tí wọ́n tà bí ọjà padà wá di ọlọ́jà.

Kò sẹ́ni tó sọ pé ìyá wa Tinúbú ló ta ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n irú ọjà kan náà ni, Ìta Tinúbú àti ilé yẹn kò sì jìnnà síra. A ò lè wí pé ìyá wa kì í ṣe akọni. A ò sì lè wí pé kò ta èèyàn. Méjèèjì la gbé wálé fún yín. Ẹ bá wa rò ó nígbà tẹ́ ẹ bá ń pàtẹ: kì í ṣe gbogbo ohun tó ń mówó wá ló yẹ ká tà.

Ẹ ò ní gbàgbé pé ọ̀pọ̀ irú ilé àwọn Àgùdà yẹn ló ti lọ. Ní Ìta Tinúbú kan náà, ọmọ wa fi ibi tí Ilojo Bar wà tẹ́lẹ̀ hàn wá. Ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ọ. Ní 1956 ìjọba kéde rẹ̀ pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó o. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ọjọ́ Àìkú kan báyìí, katakata wó o lulẹ̀. Ìwé ìkéde wà, ilé ò sí mọ́. Ọmọ wa kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin màmá, ilẹ̀ Èkó wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù ló ń mówó wọlé ju ilé àtijọ́ lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn gún wa lọ́kàn. Ta ló ń háyà ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn? Ta ló ń rajà níbẹ̀? Àwa náà ni.

Freedom Park ní Broad Street la parí sí. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni nígbà kan. Ògiri amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ ọ. Ní 1885 ìjọba òyìnbó kó bíríkì wá láti òkè òkun láti tún un kọ́. Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Ní 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé 50 ọdún, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn rí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọrin, tí wọ́n ti ń ṣeré orí ìtàgé báyìí. A jókòó, a jẹun, a na ẹsẹ̀. Ọmọ wa sọ ìtàn frejọ̀n fún wa, ẹ̀wà àti omi àgbọn tí àwọn Àgùdà máa ń sè ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Oníẹ̀wà tó wà láàrin wa ti dán an wò báyìí. Ó dùn. Ẹ lọ rà níbẹ̀.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ, ìmọ̀ràn wa rèé. Ẹ má pa ọjọ́ ìrìn pọ̀ mọ́ ọjọ́ ọjà. Ọ̀kan nínú wa yà sídìí aláṣọ kan tó ṣí lọ́jọ́ Àìkú, ó ní òun fẹ́ bèèrè iye léèsì ni. Ogún ìṣẹ́jú la fi wá a. Bàtà pẹlẹbẹ ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ẹ gbé omi dání. Ẹ mú ìborùn nítorí mọ́ṣáláṣí. Ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò ní ààfin. Ẹ dúnàádúrà owó ìrìn kẹ́ ẹ tó gbéra, kì í ṣe tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tó gbé wa wá gan-an. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ fún ẹgbẹ́ lówó kó lè wó búkà ìpàdé wa àtijọ́, kó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù onítìì. A ó dìbò lé e lórí ní ìpàdé tó ń bọ̀. Àwa méjìlá yìí ò wá sọ bẹ́ ẹ ṣe máa dìbò. Àwa náà nílò ṣọ́ọ̀bù. Òjò ń pa ẹrù wa, iná sì lè jó ìsọ̀ onípákó nígbàkúùgbà. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òrùlé yẹn ni àwọn ìyá tó dá ọjà yìí sílẹ̀ ti máa ń jókòó. Ta lẹ lè dárúkọ nínú wọn? A gbìyànjú rẹ̀ nínú mọ́tò nígbà tí à ń bọ̀. Orúkọ mẹ́rin la rí. Mẹ́rin péré, nínú gbogbo wọn!

Ohun mẹ́ta la bẹ̀bẹ̀ fún kí ìdìbò tó wáyé. Àkọ́kọ́, ká lọ bá àwọn ìyá tó ti dàgbà nílé wọn, ká kọ orúkọ àwọn tó ṣáájú sílẹ̀, àti ohun tí wọ́n tà. Ìkejì, ká ya fọ́tò búkà náà nínú àti lóde. Ìkẹta, ìwé tí ẹni yẹn bá gbé wá, kí ọmọ wa kan tó kàwé kà á sétí gbogbo wa, ní Yorùbá, látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka. Ẹ rántí Dòsùnmú.

Tí ẹ bá wá ní ká wó o, a ó wó o. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé lọ́jọ́ kan ọmọ ẹlòmíràn á kó àwọn àlejò kọjá níbí, á bi wọ́n pé ṣé wọ́n mọ àwọn ìyá tó ni ọjà yìí, tí kò ní sẹ́ni tó máa dá a lóhùn.