Ríra Ilé Padà Láìfi Ebi Pa Ará Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ẹgbẹ́ wa

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ sọ ní gbangba, nítorí pé ìtìjú wà nínú rẹ̀: gbèsè tí ó wà lórí ilé tí a ń gbé. Bí ènìyàn bá fi ilé rẹ̀ dógò lọ́dọ̀ báńkì, tí ó sì fẹ́ san gbèsè náà tán kí ọjọ́ tí a dá tó pé, báwo ni yóò ti ṣe é tí oúnjẹ kì yóò fi wọ́n nínú ilé, tí a kì yóò sì lé àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́?

Gbèsè kì í ṣe ohun titun láàrin wa. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ròyìn ìwọ̀fà fún wa. Ó sì ròyìn ológò, ẹni tí a máa ń rán lọ jókòó ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀ títí owó yóò fi jáde. Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ọ̀ràn ìwọ̀fà ti rí. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé lásán ni. Bí ó tilẹ̀ roko fún ọdún 10, bí ẹnikẹ́ni kò bá kó ojú owó wá, ìwọ̀fà ni síbẹ̀. Nígbà tí kòkó sì gba ilẹ̀ wa, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi oko kòkó dógò. Nínú ọ̀pọ̀ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, olówó a máa ká èso kòkó lọ́dọọdún, ẹni tí ó gbin oko a sì máa wò ó lókèèrè, títí ọjọ́ tí yóò ka ojú owó sílẹ̀ ní pípé. Ẹ̀kọ́ tí àwọn baba wa kọ́ nínú ìyà yìí kò tíì di àtijọ́: èlé ni olówó ń jẹ, ṣùgbọ́n ojú owó ni okùn tí ó so onígbèsè mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá kan ojú owó, kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí tú okùn náà.

Àwọn ilé iṣẹ́ ti gba ipò olówó abúlé báyìí. Ní ọdún 1956 ni a dá ẹgbẹ́ ayánilówó kọ́lé ti ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀, èyí tí ó di Báńkì Àpapọ̀ fún Ilé Gbígbé ní ọdún 1977. Ní ọdún 1958, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àjọ ilé kíkọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àjọ yìí sì ni àwọn ilé Bódìjà ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1992 ni òfin Owó Ilé Gbígbé jáde, tí òṣìṣẹ́ fi ń dá 2.5 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, kí ó lè yá owó ilé ní èlé tí ó kéré, kí ó sì fi iye ọdún tí ó lè tó 30 san án. Ohun rere ni èyí. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí ó wà nínú oko kòkó tí a fi dógò náà ni ó wà nínú ìwé báńkì, bí a bá lè kà á.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò hàn án. Kí a sọ pé ọkùnrin kan yá ₦10,000,000 ní èlé ₦6 lórí ₦100 lọ́dún, tí yóò fi 20 ọdún san án. Yóò máa san nǹkan bí ₦71,643 lóṣooṣù. Nínú owó oṣù kìíní, ₦50,000 ni báńkì yóò kà sí èlé. ₦21,643 péré ni yóò dín ojú owó kù. Bí ojú owó ti ń dín díẹ̀ díẹ̀ ni èlé náà ń dín, ṣùgbọ́n ìdínkù náà lọ́ra púpọ̀. Nígbà tí ó bá san án fún ọdún 10 gbáko, tí ó rò pé òun ti dé ìdajì ọ̀nà, yóò bá a pé ojú owó tí ó kù lọ́rùn òun lé ní ₦6,450,000. Títí ọdún 20 yóò fi pé, èlé nìkan yóò ti lé ní ₦7,000,000.

Bí ọkùnrin kan náà bá ń fi ₦10,000 kún owó oṣù rẹ̀ láti oṣù kìíní, tí báńkì sì ń kà á sí ojú owó, gbèsè náà yóò tán ní nǹkan bí ọdún 15 àti oṣù 10. Ó ti gba ọdún 4 ó lé padà, èlé tí kò ní san mọ́ sì lé ní ₦1,600,000. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: náírà tí a bá mú kúrò lára ojú owó lónìí kò tún lè bí èlé fún olówó ní gbogbo ọdún tí ó kù. Nítorí náà ni owó kékeré tí a san ní ìbẹ̀rẹ̀ fi lágbára ju owó ńlá tí a kó wá nígbà tí gbèsè kù díẹ̀ kí ó tán.

Ẹlòmíràn yóò gbọ́ èyí, yóò sì délé lọ gé owó ọbẹ̀. Àwa kò sọ bẹ́ẹ̀. Ilé tí a rà padà tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ rù hangogo, ta ni yóò gbé e? Àwọn àgbà wí pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé kí ọkọ àti aya jókòó, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí ilé ń ná fún oṣù 3 sílẹ̀: oúnjẹ, epo ìdáná, owó iná, owó ọkọ̀, owó ilé-ìwé, oògùn, àti ohun tí a ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí nílé. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ kò lè mọ ibi tí owó ń gbà jáde. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n kó owó tí yóò gbọ́ bùkátà ilé fún oṣù 3 tàbí 6 pamọ́ sí ibi tí ọwọ́ lè tètè tó o. Ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tí ó kó gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ fún báńkì ní oṣù yìí, bí àìsàn bá dé ní oṣù tí ń bọ̀, yóò tún lọ yá owó mìíràn ní èlé tí ó wúwo ju ti ilé lọ.

Owó kan sì wà tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn: ojú owó òwò ìyàwó. Nígbà púpọ̀ ni baálé ilé máa ń wí fún aya rẹ̀ pé, "Kó owó ọjà rẹ wá, kí a fi san gbèsè ilé." Obìnrin náà yóò kó o wá, ìsọ̀ rẹ̀ yóò di òfìfo. Ṣùgbọ́n èrè ìsọ̀ náà ni ó ń bọ́ ilé láti ọjọ́ yìí wá! Ẹni tí ó jẹ irúgbìn iṣu, kí ni yóò gbìn lọ́dún tí ń bọ̀? Kí a fi èrè san gbèsè. Kí a jẹ́ kí ojú owó òwò dúró.

A tún gbọ́dọ̀ wo irú gbèsè tí a jẹ. Ìwọ̀n èlé tí a fi ń mọ Owó Ilé Gbígbé fún ọdún púpọ̀ ni ₦6 lórí ₦100. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà gbé ìwọ̀n èlé tí ó fi ń ṣe atọ́nà fún àwọn báńkì yòókù dé 27.50 nínú 100. Ẹni tí ó jẹ gbèsè ilé ní èlé 6, tí ó sì tún jẹ gbèsè ọjà ní èlé 30, kí ó kọ́kọ́ pa èyí tí ó wúwo. Bí ó bá sì rí ibi tí ó dájú tí owó rẹ̀ lè gbé mú èrè ju èlé ilé wá, kì í ṣe òmùgọ̀ bí kò bá kánjú. Ẹni tí gbèsè ilé rẹ̀ wà ní èlé gíga ni ọ̀rọ̀ ìkánjú yìí kàn jù lọ.

Àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní ìlú Ọba rí ọ̀ràn yìí kedere láìpẹ́ yìí. Títí di oṣù kejìlá ọdún 2021, ìwọ̀n èlé tí báńkì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là sílẹ̀ jẹ́ 0.1 nínú 100. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ó ti di 5.25. Àwọn tí àdéhùn èlé wọn parí láàrin àkókò náà rí i pé owó oṣù ilé fò sókè lójijì. Ẹni tí ó ti dín ojú owó rẹ̀ kù ṣáájú, ẹrù tirẹ̀ fúyẹ́. Ẹni tí ó bá da omi síwájú, yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ pẹ̀lú, báńkì a máa bu owó ìtanràn lé ẹni tí ó bá san ju bí a ti dá lọ nígbà tí àdéhùn èlé kò tíì parí. Púpọ̀ nínú wọn ń gba onígbèsè láyè láti san tó 10 nínú 100 gbèsè rẹ̀ lọ́dún láìsan ìtanràn. Nítorí náà, níbikíbi tí a bá wà, kí a ka ìwé àdéhùn kí a tó gbé owó lọ. Kí a béèrè bóyá ìtanràn wà. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé ojú owó ni kí a fi owó àfikún náà dín, kí a sì gba ìwé ẹ̀rí.

Ó ku ọ̀ràn kan tí ó ń da ìdílé rú ju gbèsè fúnra rẹ̀ lọ. Nípa àṣà ìbílẹ̀ wa, opó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Bí ọkọ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé a di ti àwọn ọmọ ní ìdí-igi kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tí ó bá ọkọ rẹ̀ san gbèsè ilé fún ọdún 15, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan, lè di àlejò nínú iyàrá tí owó rẹ̀ rà padà. Ẹ̀yin Ìjòyè, ẹ̀yin tí a ń gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wá síwájú yín, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni a ń sọ. Bí ọkọ àti aya bá jọ san án, kí orúkọ àwọn méjèèjì wà nínú ìwé ilé. Bí gbèsè bá sì tán, kí a má ṣe jókòó sílé máa jó; kí a lọ gba ìwé ilẹ̀ wa padà lọ́wọ́ báńkì, kí a sì rí i pé a pa orúkọ gbèsè náà rẹ́ nínú ìwé ìjọba. Gómìnà ni ó ń fi ọwọ́ sí fífi irú ilẹ̀ tí ó ní ìwé ìjọba dógò, gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978. Gbèsè tí a san tán tí a kò pa rẹ́ nínú ìwé yóò tún dìde sí àwọn ọmọ wa lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹ̀yin Aláyélúwà, ẹ̀yin Ìjòyè, ẹ̀bẹ̀ ìkẹyìn wa, ọ̀dọ̀ yín ni ó kọjú sí. Onílé tí ó ń fi ₦10,000 pamọ́ lóṣooṣù lè fi owó ọdún kan ṣòfò ní ọjọ́ kan nítorí aṣọ ẹbí òkú kan ṣoṣo. Ojú yín ni àwọn ènìyàn ń wò. Bí olóyè bá sin òbí rẹ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì, tí ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò yá owó ṣe é, ìtìjú yóò kúrò lára ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ tí ojú ń tì. Ẹ fún wọn ní àyè láti ra ilé wọn padà.

Kí gbogbo wa kú nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè wá ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, kí àwọn ọmọ wa sì jogún ilé láìjogún gbèsè. Àṣẹ.