Odò Ìjọba Tí Wọ́n Sọ Di Ti Ẹgbẹ́ Olówó

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa)

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìsinmi òṣìṣẹ́ àti ibi tí òṣìṣẹ́ lè sinmi sí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa sọ nínú ara wọn pé, ọ̀rọ̀ owó oṣù wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ wà nílẹ̀, kí ló kàn wá pẹ̀lú odò, òkè àti igbó? Ẹ fara balẹ̀. Ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ìlú òṣìṣẹ́ kan wà ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Johnstown ni orúkọ rẹ̀. Ní ayé àwọn bàbá ńlá wa, irin ni wọ́n ń rọ níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ irin Cambria ló sì ń fún ìlú náà níṣẹ́. Àfonífojì ni ìlú náà wà, òkè ló yí i ká, odò méjì sì pàdé níbẹ̀. Bí ènìyàn bá tọ odò gòkè lọ ní nǹkan bíi máìlì 14, yóò kan dáàmù ńlá kan tí wọ́n ń pè ní South Fork. Ta ló kọ́ ọ? Ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1838, wọ́n parí rẹ̀ ní 1853. Owó ìlú ni wọ́n ná sí i, kí omi lè máa tó nínú kánáálì tí àwọn ọkọ̀ ojú omi fi ń kó ẹrù. Dúkìá gbogbo ènìyàn ni.

Ṣùgbọ́n rélùwéè dé, kánáálì kò sì mówó wọlé mọ́. Ní 1857, ìjọba ta gbogbo rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ rélùwéè. Ní 1875, rélùwéè tún tà á fún ọkùnrin kan. Ọkùnrin yìí wo ìsàlẹ̀ dáàmù, ó rí àwọn páìpù irin ńláńlá tí wọ́n fi ń dín omi kù nígbà tí ó bá pọ̀ jù. Ó hú wọn, ó tà wọ́n bí àlòkù irin. Ní 1879, òun náà tà á. Ẹni tí ó rà á kó àwọn olówó ìlú Pittsburgh jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Ẹgbẹ́ Apẹja àti Ọdẹ ti South Fork.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín. Kì í ṣe ọdẹ tí ń wá ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò jẹ. Andrew Carnegie, ọba àwọn onírin, wà nínú wọn. Henry Clay Frick, oníṣòwò èédú, wà nínú wọn. Andrew Mellon, onílé-ìfowópamọ́, wà nínú wọn. Gbogbo wọn lápapọ̀ kò ju bí ọgọ́ta lé díẹ̀ lọ. Wọ́n kọ́ ilé ńlá oníyàrá 47 sí etí omi, àwọn mìíràn nínú wọn kọ́ ilé tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà ooru, wọ́n á kó ẹbí wọn wá síbẹ̀ láti sá fún èéfín Pittsburgh, èéfín tí àwọn ilé-iṣẹ́ tiwọn ń tú jáde. Òṣìṣẹ́ tí ń mí èéfín náà sínú kò rí ibì kankan sá sí. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kò sì gbọdọ̀ sọ ìwọ̀ sínú omi yẹn mọ́.

Kí ni wọ́n ṣe sí dáàmù náà? Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín bí a ti í ka ẹ̀sùn. Èkíní, wọ́n gé orí rẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta, kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lè rí àyè kọjá lórí rẹ̀. Èkejì, wọ́n fi àwọ̀n irin dí ẹnu ọ̀nà tí omi tó bá kún jù ń gbà jáde, kí ẹja tí wọ́n fowó rà má baà bá omi lọ. Ẹ̀kẹta, wọn kò dá àwọn páìpù tí wọ́n ti hú padà. Nítorí náà, bí omi bá kún, kò sí ọ̀nà kankan láti dín in kù.

Wọ́n kìlọ̀ fún wọn. Ní 1880, ilé-iṣẹ́ Cambria rán ẹ̀njíníà tirẹ̀ lọ wo dáàmù náà. Ó padà wá sọ pé àtúnṣe tí wọ́n ṣe kò dára, pé àìsí páìpù léwu. Ọ̀gá Cambria kọ̀wé sí ẹgbẹ́ náà, ó tilẹ̀ sọ pé ilé-iṣẹ́ òun yóò dá sí owó àtúnṣe. Wọ́n dá a lóhùn pé kò séwu fún òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, mo bi ara mi pé, níbo ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé Cambria kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sétí. Ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlú tó kún fún òṣìṣẹ́ kò ní ẹnu kan tí yóò fi sọ̀rọ̀. Ọ̀gá kọ̀wé sí ọ̀gá, ọ̀gá fèsì fún ọ̀gá, àwọn tí omi yóò gbé lọ kò sí níbẹ̀.

Ní òpin oṣù May 1889, òjò ńlá rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 31, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí dáàmù. Àwọn lébìrà tí ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ náà ni wọ́n kó lọ gbẹ́ ojú omi tuntun pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Wọ́n fẹ́ yọ àwọ̀n ẹja, pàǹtí ti dí i pinpin. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, dáàmù já. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn nígbà tí Ọ̀gùnpa ya lu ìlú ní 1980 mọ ohun tí omi lè ṣe. Èyí jẹ́ nǹkan bí ogún mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù omi tó ti orí òkè já bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Awakọ̀ rélùwéè kan wà tí ń jẹ́ John Hess. Ó gbọ́ ariwo omi lẹ́yìn, ó so okùn fèrè ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má baà dákẹ́, ó sì sáré wọ ìlú East Conemaugh pẹ̀lú fèrè náà. Àwọn tó gbọ́ ọ sá gun òkè, wọ́n là. Òun náà là. Omi gbé nǹkan bí ọgbọ̀n ẹ̀ńjìnnì rélùwéè níbẹ̀ bí ẹni gbé igbá. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan tí dáàmù já, ó dé Johnstown. Ènìyàn tó kú lé ní 2,200. Nínú wọn, ó lé ní 700 tí ẹnikẹ́ni kò dá mọ̀, ibì kan náà ni wọ́n sin wọ́n sí.

Ta ló san gbèsè yìí? Àwọn kan pe ẹgbẹ́ náà lẹ́jọ́. Kò sí ọ̀kan tó jàre. Kóòtù ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan fi owó ṣe ìrànwọ́, Carnegie sì kọ́ ilé ìkàwé fún ìlú náà. Ìtọrẹ àánú ni wọ́n pè é, wọn kò pè é ní ẹ̀bi. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1892, Frick kan náà tilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ irin ní Homestead, ó sì kó 300 ẹ̀ṣọ́ agbóbọn wá láti fọ́ ẹgbẹ́ wọn. Àwọn ènìyàn kú ní ìhà méjèèjì. Ẹ rí i bí ọwọ́ kan náà ti ń ṣe iṣẹ́ méjì.

Ẹnìkan lè sọ pé, bí àwọn olówó yìí kò bá rà á, ṣé dáàmù náà kò ní bàjẹ́ síbẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Òótọ́ ni pé ìjọba ló kọ́kọ́ pa á tì, tó sì tà á. Ẹ̀bi àkọ́kọ́ wà lọ́rùn ìjọba. Ṣùgbọ́n ohun tí ìlú bá ni, ìlú lè wò ó, ìlú lè bèèrè, ìlú lè fi ìbò lé ẹni tí kò tún un ṣe kúrò. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti sọ ọ́ di ti ẹgbẹ́ àwọn díẹ̀, ojú tí ń wò ó kúrò níbẹ̀, ewu rẹ̀ sì kù sí ìsàlẹ̀ odò fún wa. Olówó gba ìgbádùn, òṣìṣẹ́ gba ewu.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àwọn tí wọn kò gbà. Ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí Manchester, òkè kan wà tí ń jẹ́ Kinder Scout. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ fẹ́ràn láti lọ rìn níbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday kí wọ́n lè mí afẹ́fẹ́ tó dára. Ṣùgbọ́n ìjòyè ńlá kan, Duke ti Devonshire, ló ni ín. Ó fi í pamọ́ fún ìyìnbọn pa ẹyẹ kan tó jọ àparò, ní ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀ láàárín ọdún. Ní ọjọ́ 24 oṣù April 1932, nǹkan bí 400 ọ̀dọ́, òṣìṣẹ́ àti aláìríṣẹ́, gun òkè náà ní gbangba. Ọmọ ogún ọdún ló ṣáájú wọn, Benny Rothman. Wọ́n bá àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wọ̀jà díẹ̀. Wọ́n mú mẹ́fà, wọ́n sọ márùn-ún sẹ́wọ̀n, láti oṣù méjì sí mẹ́fà. Rothman gba oṣù mẹ́rin. Rírìn lórí ilẹ̀ onílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n lábẹ́ òfin wọn. Ìrúkèrúdò ni wọ́n kà sí wọn lọ́rùn.

Ṣé ìyà náà já sí asán? Rárá. Ní 1949, ilé ìgbìmọ̀ wọn ṣe òfin ọgbà orílẹ̀-èdè. Ní 1951, agbègbè òkè yẹn ló di ọgbà àkọ́kọ́. Ní 2000, òfin mìíràn fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti rìn lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2002, Duke tó wà lórí oyè bẹ ìlú fún ohun tí bàbá ńlá rẹ̀ ṣe. Rothman náà ti di aṣojú òṣìṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kí ó tó darúgbó. Iṣẹ́ tí èmi náà ń ṣe ni.

Nílé wa ńkọ́? Ẹ̀yin àgbà rántí Bar Beach ní Èkó. Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì àti lọ́jọ́ Iléyá, mólúè ló ń kó wa lọ. Òtítọ́ ni pé òkun ń jẹ títì Ahmadu Bello, ó sì yẹ kí wọ́n dá a dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kó iyanrìn dí òkun níbẹ̀, ìlú Eko Atlantic ni wọ́n gbé lé e, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni. Bẹ́ẹ̀, Òfin Ilẹ̀ ti 1978 sọ pé gómìnà di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Kò sọ pé fún àwọn tó lè san owó ìwọlé nìkan.

Nítorí náà, mo gbé àbá kan síwájú ìpàdé yìí. Kí ẹ̀ka wa yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò kọ orúkọ gbogbo pápá, etí omi àti ọgbà ìgbafẹ́ tó ṣì jẹ́ ti gbogbogbò ní àgbègbè wa sílẹ̀. Bí a bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta ọ̀kan, kí a bèèrè ìbéèrè mẹ́ta ní gbangba: Owó ta ni wọ́n fi ṣe é? Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Bí ó bá bàjẹ́, orí ta ni yóò wó lé? Ìjọba tí kò bá rí ìdáhùn fún ẹ̀kẹta kò gbọdọ̀ tà á.

Wákàtí mẹ́jọ iṣẹ́ tí a ń jà fún, kò wúlò bí a bá jáde níbi iṣẹ́ tí a kò ríbi jókòó sí. Kí ẹgbẹ́ wa ó pẹ́.