Ta Ni Ojúlówó Olólùfẹ́ Ọkọ̀ Porsche?

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Síbẹ̀, láàrin àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ Porsche ti ilẹ̀ Jámánì, àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ ọjà tiwọn. Lójú wọn, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ojúlówó Porsche gbọ́dọ̀ wà, afẹ́fẹ́ ni ó sì gbọ́dọ̀ máa tù ú, kì í ṣe omi. Ọkọ̀ 911, tí wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé ní Frankfurt ní 1963, ni òdiwọ̀n wọn.

Ọkọ̀ tí ó jìyà ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀ ni 924, tí ó jáde ní 1976. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n kà sí i lọ́rùn. Èkíní, iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Èkejì, omi ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì náà. Ẹ̀kẹta, Volkswagen ni ó kọ́kọ́ bẹ Porsche níṣẹ́ ọkọ̀ náà kí ó tó yí ohùn padà, ilé iṣẹ́ Audi ní Neckarsulm ni wọ́n sì ti tò ó. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́ kan bá fi owó tí ó ti ń tu jọ tipẹ́ ra 924, tí ó sì wà á dé ibi àpéjọ, ẹnì kan lè bi í léèrè ìgbà tí yóò ra Porsche.

Ǹjẹ́ ẹ̀gàn yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀? Ẹ yẹ ìtàn wò. Ferdinand Porsche ni ó ṣe àgbékalẹ̀ ọkọ̀ Volkswagen tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975. Nígbà tí Ferry ọmọ rẹ̀ ṣe 356, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ orúkọ Porsche, ní Gmünd ní Austria ní 1948, ara Ìjàpá ni ó ti mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Àárín ọkọ̀ kìíní náà gan-an ni ẹ́ńjìnnì ọ̀hún sì wà, kì í ṣe ìdí rẹ̀. Bí a bá fi òdiwọ̀n àwọn ẹlẹ́gàn wọ̀n ọ́n, àkọ́bí Porsche pàápàá kò yege. Odò tí ó bá sì gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Lóòótọ́, àwọn aṣọ́gbà yìí ní iyì tiwọn. Àwọn ni wọ́n ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ kí ìpẹtà má baà jẹ ẹ́ run, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn mẹkáníìkì ní ọgbọ́n tí ìbá ti kú. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìṣọ́, ọ̀tọ̀ ni ìgbéraga. 924 àti 944 tí ó tẹ̀lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tà ju 100,000 lọ. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí apá rẹ̀ kò ká 911. Ní 1998, 911 tí afẹ́fẹ́ ń tù kásẹ̀ nílẹ̀. Omi ni ó ń tu èyí tí ó rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wà níbí fún olùkọ́. Láti inú ẹ̀ka-èdè bíi ti Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ni Yorùbá àjùmọ̀lò ti jáde. Síbẹ̀ àwọn kan ń fi akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sọ ẹ̀ka-èdè ìlú rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí a bá lé lẹ́nu ọ̀nà lónìí kò ní padà wá jogún ilé lọ́la.