Ọgbà Inú Ilé Ìwòsàn: Ta Ló Wà Fún?



Mo mọ̀ pé ẹlòmíì láàárín yín á ti máa sọ ọ́ nínú pé ilé ìwòsàn tí iná ń ṣe ségesège, tí omi kò yọ nínú ẹ̀rọ, ṣé òdòdó ló kù tí yóò gbìn? Ìbéèrè gidi ni. Ọgbà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹnu géètì lẹ́ṣọ̀ọ́, tí wọ́n lẹ ìkìlọ̀ mọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ koríko. Ọgbà tí ènìyàn lè wọ̀, kó jókòó, kó mí kanlẹ̀, ni mò ń wí. Ara ìtọ́jú ni.

Ní 1984, Roger Ulrich gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àpò òróòro fún ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, láàárín 1972 sí 1981 ló yẹ̀ wò. Ó ṣa aláìsàn 46, ó pín wọn ní méjì méjì tí ọjọ́ orí àti ipò wọn bára mu. Fèrèsé ọ̀kan kọjú sí igi, ti èkejì kọjú sí ògiri bíríkì. Àwọn tó ń wo igi lo ọjọ́ 7.96 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó lọ sílé, àwọn tó ń wo ògiri lo 8.70. Oògùn ìrora líle tí àwọn onígi gbà kéré sí ti àwọn ológiri. Ìyàtọ̀ ọ̀hún kò pé ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ti sanwó ibùsùn rí léèrè bóyá ọjọ́ kan kéré. Ènìyàn 46 kò pọ̀, mi ò sì ní dúró níwájú yín kí n sọ pé igi ń wo jẹjẹrẹ sàn. Ohun tí ìwádìí náà fi hàn ni pé ohun tí aláìsàn ń wò láti orí ibùsùn rẹ̀ wà lára ohun tó ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká dé Salisbury, ní England. Ọmọ ọdún 17 ni Horatio Chapple nígbà tí béárì funfun pa á ní Svalbard, ní ilẹ̀ Nọ́wè, lọ́dún 2011. Kí ikú tó dé, ó ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa ṣèrànwọ́ ní Salisbury, ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fara pa, níbi tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ. Ó rí àwọn tó ń lo oṣù lórí oṣù nínú wọ́ọ̀dù, ó to ìbéèrè sórí ìwé, ó ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ọgbà ni èsì wọn dà. Ní 2012 ni wọ́n ṣí i, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é. Cleve West ló ya àwòrán rẹ̀. Ọ̀nà inú ọgbà náà fẹ̀, ó tẹ́jú, kò ní àtẹ̀gùn kankan, débi pé wọ́n lè ti ibùsùn jáde síta tòun ti ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀. Irú rẹ̀ ti wà ní Glasgow àti Stoke Mandeville báyìí. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ọmọdé yẹn kọ́kọ́ bi aláìsàn. Mélòó nínú àwa àgbà ló ń bi wọ́n?

Ní Yishun, ní Singapore, ilé ìwòsàn Khoo Teck Puat, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, gbé oko lọ sórí òrùlé. Àwọn ará àdúgbò tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń gbin ẹ̀fọ́ àti èso síbẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko ń wá sílé ìwòsàn láti roko! Àdúgbò tó bá ti ní ọwọ́ nínú ọgbà kò ní jẹ́ kó di igbó.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọgbọ́n òkèèrè nìkan ni mo kó wá. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aro, l'Ábẹ́òkúta. Àwọn tí ọkàn wọn dàrú ń gbé nínú àwọn abúlé tó wà nítòsí, pẹ̀lú ẹbí kan tó ń tọ́jú wọn. Wọ́n á gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn láàárọ̀, wọ́n á sì bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. Ìyẹn kì í ṣe ọgbà òdòdó o, ṣùgbọ́n ilẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹbí ni Lambo fi kún oògùn, àwọn ará abúlé sì rí owó ilé gbà.

Ẹbí yẹn ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ẹ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn wa lálẹ́: ẹní, kúlà oúnjẹ, fọ́ọ̀nù tó ń gba iná lára ògiri, ìyá kan tó di ìwé oògùn mọ́wọ́ tó ń ronú ibi tówó yóò ti wá. Kò sí ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú fáìlì, òun náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di aláìsàn. Kì í sì í ṣe ẹbí nìkan: Clare Cooper Marcus àti Marni Barnes, tí wọ́n ṣe ìwádìí lórí ọgbà ilé ìwòsàn mẹ́rin ní California, tí wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1995, bá àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n sá wá sinmi. Nọ́ọ̀sì tó ti dúró láti òru mọ́jú nílò ìjókòó abẹ́ igi ju ìwàásù lórí sùúrù lọ.

Tiwa kò ní wọ́n. Dóńgóyárò tàbí furúùtù á fúnni ní ibòji. Ọ̀dán dára, ṣùgbọ́n ẹ gbìn ín jìnnà sí ilé nítorí gbòǹgbò rẹ̀. Ẹfinrin àti koóko ọba á máa ta sánsán. Ẹ má ṣe omi adágún, ẹ̀fọn á fi ṣelé. Asofẹ́yẹjẹ kò gbọ́dọ̀ wọbẹ̀: ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, mo sì mọ àwa Yorùbá, ẹnì kan á já a, á sè é fún ẹni tó ti lo oògùn dókítà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé, kí ẹ tó da kọnkéré bo gbogbo ilẹ̀, ẹ ṣẹ́ ibi tí ènìyàn lè jókòó kù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tó máa ń kọ́ géètì fún ilé ìwòsàn kí ẹ lè kọ orúkọ sí i lára, lọ́dún yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ san owó oṣù ẹni tí yóò máa tọ́jú ọgbà.