Gírámà Tí Ẹ̀rọ Ń Ṣọ́: Ẹ́dítọ̀ Aṣàyẹ̀wò àti Iṣẹ́ Àwọn Tí Ń Tún Géèmù Ṣe



1. Ọ̀rọ̀ Àkọ́sọ

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ nípa géèmù orí kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá síwájú ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ mọ́ ìmọ̀ èdè. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ohun tí a fi ń darí géèmù, èdè ni. Èdè náà ní ọ̀rọ̀, ó ní òfin ìhun gbólóhùn, ó sì ní ìtumọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò jókòó rí níwájú olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni ó ń kọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀ nípa títún géèmù tí wọ́n fẹ́ràn ṣe. Olùkọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ń bá pàdé ni ìlà pupa kan tí ó máa ń yọ lábẹ́ ohun tí wọ́n kọ. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí ni èyí: kí ni ìlà pupa yìí mọ̀, kí ni kò mọ̀, kí sì ni ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì?

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èdè-ìperí mẹ́ta tí n ó máa lò. Mọ́ọ̀dù ni àtúnṣe tàbí àfikún tí ẹni tí ń ta géèmù fúnra rẹ̀ ṣe sí géèmù tí ẹlòmíràn ti ṣe jáde. Ẹ́dítọ̀ ni ohun-èlò tí a fi ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Aṣàyẹ̀wò ni apá ẹ́dítọ̀ náà tí ń ka ohun tí a kọ bí a ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́, tí ó sì ń fi ibi tí ó ta ko òfin gírámà hàn wá.

2. Bí Èdè Ṣe Wọ Inú Géèmù

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ id Software gbé Doom jáde ní ọdún 1993, wọ́n kó àwòrán, ohùn àti ìlẹ̀ ìjà géèmù náà sínú fáìlì ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní WAD. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ lè pààrọ̀ wọn láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ géèmù náà gan-an. Ní 1996, nígbà tí Quake jáde, ilé-iṣẹ́ kan náà lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fi èdè kan tí ń jẹ́ QuakeC lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́, kí wọ́n lè yí ìwà àwọn ohun inú géèmù padà. Láti inú irú àṣà yìí ni Counter-Strike ti jáde ní 1999. Mọ́ọ̀dù lásán ni í ṣe lórí Half-Life kí ó tó di géèmù tí ó dá dúró.

Èdè tí n ó fi ṣe àpẹẹrẹ lónìí ni Lua. Roberto Ierusalimschy, Luiz Henrique de Figueiredo àti Waldemar Celes ni wọ́n ṣẹ̀dá rẹ̀ ní 1993 ní yunifásítì PUC-Rio ní ìlú Rio de Janeiro, ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì. Òṣùpá ni orúkọ náà túmọ̀ sí ní èdè Potogí. Kì í ṣe nítorí géèmù ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì Petrobras wà lára ohun tí ó bí i. Ṣùgbọ́n ó kéré, ó yára, ó sì rọrùn láti fi sínú ohun mìíràn. Ní 1998, ilé-iṣẹ́ LucasArts lò ó nínú Grim Fandango. Nígbà tí World of Warcraft jáde ní 2004, Lua náà ni a fi sílẹ̀ fún àwọn tí ń ta á láti fi ṣe àfikún tiwọn.

Nínú Lua 5.1, ọ̀rọ̀ 21 péré ni a yà sọ́tọ̀ fún gírámà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ohun mìíràn ní orúkọ wọn. Gírámà tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí èdè náà tètè yé ọmọdé. Ṣùgbọ́n kí gírámà kéré kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ tí a lè fi sọ kéré, bẹ́ẹ̀ ni kò sì túmọ̀ sí pé àṣìsọ kéré.

3. Ìpele Mẹ́ta Tí Ọ̀rọ̀ Lè Gbà Wọ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo èdè tiwa. Àmì ìràwọ̀ dúró fún ohun tí gírámà kò gbà.

(1) Adé ra ìwé.
(2) *Adé ìwé ra.
(3) Ìwé ra Adé.
(4) Ra ìwé Adé.

Gbólóhùn (1) dára. Gbólóhùn (2) kò bá òfin ìhun gbólóhùn Yorùbá mu, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó máa ń ṣáájú àbọ̀. Gbólóhùn (3) bá òfin mu láìkù síbì kan: olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ wà ní ipò wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kò gún, nítorí pé ìwé kì í ra ènìyàn. Gbólóhùn (4) ni ó léwu jù. Gírámà rẹ̀ tọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ gún, ṣùgbọ́n àṣẹ ni; bí ohun tí mo ní lọ́kàn bá jẹ́ (1), mo ti sọ ohun mìíràn pátápátá. Ìpele mẹ́ta nìyí: ìhun, ìtumọ̀, àti èrò-ọkàn ẹni tí ń sọ̀rọ̀.

Àwọn ìpele wọ̀nyí wà nínú Lua náà. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé akọni kan wà nínú géèmù wa, tí iye agbára rẹ̀ ń jẹ́ agbara.

(5) if agbara = 0 then
(6) agbara = agbra - 10
(7) agbara = agbara + 10

Nínú (5), òǹkọ̀wé fẹ́ béèrè bóyá agbára ti tán. Ṣùgbọ́n àmì = kan ṣoṣo, fífi nǹkan sínú orúkọ ni í ṣe; méjì ni a fi ń béèrè ìdọ́gba. Aṣàyẹ̀wò yóò fa ìlà pupa lójú ẹsẹ̀. Nínú (6), agbra ni a kọ dípò agbara. Ìhun rẹ̀ tọ́, nítorí náà aṣàyẹ̀wò gírámà kò ní í sọ nǹkan kan. Ìgbà tí géèmù bá ń lọ, tí ọ̀tá sì kọlu akọni, ni gbogbo rẹ̀ yóò dúró, nítorí pé Lua ka orúkọ tí a kò tí ì fi nǹkan sí sí nil, èyíinì ni òfo, a kò sì lè yọ mẹ́wàá kúrò nínú òfo. Ní ti (7), kò sí ohun tí yóò dúró rárá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ibi tí a ti ń gún akọni lọ́kọ̀ ni a kọ ọ́ sí, a óò rí i pé bí wọ́n bá ṣe ń gún un tó ni ó ń lágbára sí i.

Ìpele àkọ́kọ́ nìkan ni aṣàyẹ̀wò gírámà lè ṣọ́. Àwọn irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń dé ìpele kejì. Ní 1978, Stephen C. Johnson ti Bell Labs ṣe irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ lint fún èdè C. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́ka sí ohun tí gírámà gbà ṣùgbọ́n tí ó fu ni lára. Luacheck ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún Lua, yóò sì rí agbra inú (6). Ṣùgbọ́n irú irinṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ àwọn orúkọ tí géèmù fúnra rẹ̀ pèsè. Bí a kò bá kọ wọ́n lé e lọ́wọ́, yóò máa fẹ̀sùn kan orúkọ tí kò ṣẹ̀. Ìpele kẹta kò sí níkàáwọ́ ẹ̀rọ kankan tí a kò tí ì sọ èrò wa fún.

4. Ibi Tí Ìlà Pupa Ń Yọ Sí

Ohun kan tún wà tí ó máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Ẹ wo èyí:

(8)
function gba_ogbe(agbara)
  if agbara < 10 then
    return "O ti re mi"
end

End méjì ni ó yẹ kí ó wà: ọ̀kan láti pa if dé, èkejì láti pa function dé. Òǹkọ̀wé gbàgbé èyí tí ó jẹ́ ti if. Ẹni tí ó bá wo bí a ṣe to ìlà náà yóò rò pé end tí ó wà níbẹ̀, ti function ni. Ẹ̀rọ kò wo bí a ṣe to ìlà. Ó fún if ní end náà, ó ń wá ti function kiri, ó sì dé òpin fáìlì láìrí i. Nítorí náà, ó kéde pé function ìlà kìíní ni a kò pa dé, òpin fáìlì ni ó sì fa ìlà pupa sí. Bí fáìlì náà bá gùn ní 300 ìlà, ibi tí ẹ̀sùn wà àti ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà lè jìnnà sí ara wọn gan-an.

Ẹ̀kọ́ inú èyí ni pé aṣàyẹ̀wò kì í sọ ibi tí àṣìṣe wà. Ibi tí òun kò ti lè máa ka ọ̀rọ̀ lọ mọ́ ni ó ń sọ. Ọmọ tí kò bá mọ èyí yóò máa tún ibi tí kò bàjẹ́ ṣe títí yóò fi bà á jẹ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1981, Tim Teitelbaum àti Thomas Reps ṣàlàyé Cornell Program Synthesizer, ẹ́dítọ̀ kan tí ń fún òǹkọ̀wé ní férémù gbólóhùn tí ìhun rẹ̀ ti tọ́ tẹ́lẹ̀, tí òǹkọ̀wé yóò kàn máa kún àlàfo inú rẹ̀. Scratch, tí MIT gbé jáde ní 2007, tún mú èrò yìí rọrùn fún ọmọdé: búlọ́ọ̀kù ni a ń so mọ́ra, èyí tí kò bá sì bá ara mu kò ní í wọ ara. Mo gbóríyìn fún ọ̀nà yìí fún ọmọ kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò tún géèmù ṣe gbọ́dọ̀ ka ohun tí ẹlòmíràn kọ, ọ̀rọ̀ gbọọrọ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Ó sàn kí ó ti pàdé àṣìṣe tẹ́lẹ̀, kí ó sì mọ orúkọ rẹ̀.

Ohun tí ó mú aṣàyẹ̀wò di ohun tó wọ́pọ̀ ni ìlànà kan tí Microsoft gbé jáde ní 2016, tí ń jẹ́ Language Server Protocol. Ṣáájú rẹ̀, bí ẹ́dítọ̀ bá jẹ́ 5, tí èdè jẹ́ 10, ìsopọ̀ 50 ni a ní láti ṣe. Pẹ̀lú ìlànà yìí, èdè kọ̀ọ̀kan yóò ní aṣàyẹ̀wò kan, ẹ́dítọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò kọ́ bí a ṣe ń bá aṣàyẹ̀wò sọ̀rọ̀, iṣẹ́ náà sì di 15.

5. Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Ti Kàn Wá

Ọ̀dọ́ Yorùbá kan lè fẹ́ ṣe mọ́ọ̀dù tí àwọn ohun inú rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Yorùbá. Láti Lua 5.2 ti 2011, lẹ́tà a sí z ní ńlá àti kékeré, òǹkà, àti ìlà ìsàlẹ̀ nìkan ni òfin gbà fún orúkọ. Kò gba àmì ohùn, kò sì gba àmì abẹ́ lẹ́tà. Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ sí ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun? Gbogbo wọn di oko.

(9) oko = 15
(10) oko = 4

Bí (9) bá jẹ́ iye ọgbẹ́ tí ọ̀kọ̀ ń dá sí ọ̀tá lára, tí (10), ní ogójì ìlà sí i, sì jẹ́ iye ènìyàn tí ọkọ̀ ń gbà, èkejì ti pa èkíní rẹ́. Aṣàyẹ̀wò gírámà kò ní í fọhùn, nítorí pé lójú tirẹ̀ orúkọ kan ṣoṣo ni.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Òfin tí ó de orúkọ kò de ọ̀rọ̀ tí a fi sínú àmì àyọlò. A lè ṣe àkójọ kan, kí a sì kọ ọ́ báyìí:

(11) eru["ọ̀kọ̀"] = 15
(12) eru["ọkọ̀"] = 4

Ṣùgbọ́n níhìn-ín náà a ní láti kíyè sára. Lẹ́tà ọ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode. A lè kọ ọ́ ní ọ pẹ̀lú àmì òkè; a lè kọ ọ́ ní ó pẹ̀lú àmì abẹ́; a sì lè to o, àmì abẹ́ àti àmì òkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú UTF-8, ọ̀nà kìíní gba báìtì 5, ọ̀nà kejì gba 4, ọ̀nà kẹta gba 5. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí a bá bi Lua bóyá wọ́n dọ́gba, yóò ní wọn kò dọ́gba. Bí a bá sì ní kí ó gé ọ̀rọ̀ ní báìtì ogún kí ó lè wọ inú àpótí ìsọ̀rọ̀, ó lè gé àmì ohùn sọnù, ọ̀kọ̀ á sì di ohun mìíràn lójú ẹni tí ń kà á. Aṣàyẹ̀wò kò rí ọ̀kankan nínú èyí.

6. Àgbálọgbábọ̀

Èrò mi kì í ṣe pé kí a má lo aṣàyẹ̀wò. Ó ń gba wákàtí púpọ̀ là, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì í fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀sín. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a mọ ibi tí agbára rẹ̀ pin. Ẹni tí ó bá rò pé nígbà tí ìlà pupa bá ti lọ ni iṣẹ́ parí, gírámà nìkan ni ó kọ́, kò tí ì kọ́ èdè.

Nítorí náà, mo fi ìmọ̀ràn mẹ́ta sílẹ̀. Èkíní, kí olùkọ́ máa fi àpẹẹrẹ bíi (5), (6) àti (7) síwájú akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, kí ó sì béèrè èwo ni ẹ̀rọ yóò rí. Èkejì, kí ẹni tí ń ṣe mọ́ọ̀dù ní èdè Yorùbá yan ọ̀nà kan ṣoṣo láti kọ àmì, kí ó máa fi orúkọ tí ó ya ohun kan sọ́tọ̀ sí òmíràn, bíi oko_ogun àti oko_irinna, kí ó sì ta géèmù náà fúnra rẹ̀ wò kí ó tó fi síta. Ẹ̀kẹta kan àwa tí a wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Lua fi ń sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún ọmọ wa. Ìmọ̀ olùwà, àbọ̀ àti ọ̀rọ̀-ìṣe ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ bíi tiwa ni láti ṣẹ̀dá èdè-ìperí tí a óò fi ṣàlàyé ẹ̀sùn wọ̀nyí fún ọmọ náà ní èdè tí ó fi ń ronú. Ẹ̀rọ ní láti bá a wí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ náà mọ ohun tí wọ́n bá a wí sí.